Kí ẹ tó lọ sí etí òkun, ẹ wo ojú òṣùpá

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní, mo sì fẹ́ kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lóhùn kí ó tó kà á síwájú. Òṣùpá alẹ́ àná, báwo ni ó ṣe rí? Ṣé ó ń dàgbà ni, àbí ó ń dínkù? Aago mélòó ni ó yọ? Aago mélòó ni ó wọ̀?

Mo mọ̀ pé díẹ̀ nínú wa ni yóò lè dáhùn. Tíṣà ń gba owó oṣù, oníṣòwò ń san owó oṣù fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, onílé ń retí owó ilé nígbà tí oṣù bá parí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń gbé ojú sókè wo oṣù náà fúnra rẹ̀. Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe oṣù tí ó ń lé lójú ọ̀run àti oṣù tí à ń kà lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú wọn. Láti ìgbà tí iná mànàmáná ti dé ìgboro, tí kàlẹ́ńdà sì ti wà lára ògiri, a ti gbàgbé èyí tí ó wà lókè.

Ní ìgboro, ìgbàgbé yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Létí òkun, ó lè pa ènìyàn. Òṣùpá ni ó ń darí kíkún àti fífà omi òkun. Alẹ́ tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ jù lọ, tí etí òkun sì dùn ún wò jù lọ, àkókò náà gan-an ni omi ń gun òkè jù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí oṣù tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, èyí tí í ṣe ìgbà tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣe ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọjọ́ ọdún ni ọ̀pọ̀ wa sì ń kó ọmọ lọ sí etí òkun.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ KURAMO

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 August, ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Victoria Island, ní ìlú Èkó. Àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀ nínú ilé onípákó, wọ́n sì ń ṣòwò níbẹ̀. Omi gbé ilé, ó gbé ọjà, ó sì gbé ènìyàn lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn tí ó kù kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi kàlẹ́ńdà wo ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ Àìkú 19 August, ni Ìtúnu Ààwẹ̀ ọdún náà. Òṣùpá ti parí ìrìn àtijọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 17 August. Èyí fi hàn pé ọjọ́ kejì tí oṣù tuntun bẹ̀rẹ̀ ni òkun ya, nígbà tí omi ti ga tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èmi kò sọ pé òṣùpá nìkan ni ó ṣe é. Ìjì tí ń jà ní ọ̀nà jíjìn láàárín òkun ńlá ni ó ń bí ìgbì tí ń rìn wá kọlu etíkun wa ní àkókò òjò. Àwọn òkúta tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín 1908 sí 1912 sì ti dí iyanrìn lọ́wọ́. Iyanrìn ń pọ̀ sí i ní apá ìwọ̀-oòrùn èbúté, omi sì ń jẹ ilẹ̀ apá ìlà-oòrùn láti ìgbà náà wá. Ṣùgbọ́n ìgbì kan náà, bí ó bá dé nígbà tí omi lọ sílẹ̀, iyanrìn lásán ni yóò bá. Bí ó bá dé nígbà tí omi ga, ẹnu ọ̀nà ilé ni yóò bá. Òṣùpá ni ó ń sọ èyí tí yóò jẹ́ nínú méjèèjì.

OṢÙ KAN LÓJÚ ÒKUN ÈKÓ

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a mú oṣù kan, kí a sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oṣù ààwẹ̀ Ramadan ti ọdún 2025 ni mo mú, nítorí pé òṣùpá ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òṣùpá náà ni a sì fi parí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá dúró sí etí òkun Èkó, ìbáà ṣe ní Àgbádárìgì, ìbáà ṣe ní Tarkwa Bay, ìbáà ṣe ní ọ̀nà Lẹ́kí, tí ó sì kọjú sí omi, gúúsù ni ó kọjú sí. Ìlà-oòrùn wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ìwọ̀-oòrùn wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ilẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ òsì ni òṣùpá ti ń yọ sí i, ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì ń wọ̀ sí.

Ní òru tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì 28 February fi mọ́, ní nǹkan bí aago méjì kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òṣùpá bọ́ sí ọ̀nà kan náà pẹ̀lú oòrùn. Kò sí ẹni tí ó lè rí i nígbà náà, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn ń ràn sí, iwájú tí ó kọ sí wa sì ṣókùnkùn. Nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn bíi wákàtí 17, ó ti yà kúrò lọ́dọ̀ oòrùn díẹ̀. Oòrùn wọ̀ ní nǹkan bí aago méje, oṣù tuntun sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún, tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná, kò sì pẹ́ tí òun náà fi wọ̀. Wọ́n rí i ní Nàìjíríà, Sultan Ṣókótó sì kéde pé ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 March, ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí bí oṣù tuntun ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, tàbí bí igbá tí a gbé kalẹ̀ kí a bu omi sí i. Ní London tí àwọn ọmọ wa wà, ó sábà máa ń nàró díẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ gbé dúró. Òṣùpá kan náà ni. Ibi tí a dúró sí ni ó yàtọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ 1 March yẹn, Àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá tí ń tàn yòò ní ìrọ̀lẹ́, wà nítòsí oṣù tuntun náà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, àwọn ènìyàn rò pé ajá rẹ̀ ni. Kí oṣù náà tó parí, Àgùàlà ti kúrò lójú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ pátápátá, òṣùpá sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà kò parọ́: kì í ṣe ajá rẹ̀ rárá.

Láti ọjọ́ náà lọ, òṣùpá ń tóbi sí i ní alalẹ́, ó sì ń pẹ́ sí i lójú ọ̀run kí ó tó wọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, 6 March, ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀sán ni ó yọ lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí aago méjìlá ti lù. Orí ilẹ̀ ni ó ti yọ, lẹ́yìn èjìká òsì ẹni tí ó kọjú sí òkun. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, ó ti wà lókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àárín ọ̀run, ó sì wọ̀ ní nǹkan bí aago kan òru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé òṣùpá máa ń wà lójú ọ̀run ní ọ̀sán gangan, nítorí pé wọn kì í wò ó.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, 13 March, ohun tí ó dára ún wò ṣẹlẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, òṣùpá ti yọ ní ọwọ́ òsì, ó pọ́n, ó sì tóbi. Àwọn méjèèjì kọjú sí ara wọn, òkun wà láàárín. Ní ọjọ́ kejì, oòrùn ti wọ̀ tán kí òṣùpá tó yọ. Láàárín ìrọ̀lẹ́ méjèèjì yìí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì 14 March, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ kù ìṣẹ́jú márùn-ún, ni ó kún gan-an. Èyí ni òṣùpá àrànmọ́jú, tí ń yọ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí ń wọ̀ nígbà tí oòrùn ń yọ.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òjìji ayé bẹ̀rẹ̀ sí í bo òṣùpá láti ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ó tó bò ó tán, òṣùpá ti wọ̀ sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Àwọn ará Brazil àti Amẹ́ríkà, tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́dọ̀ wọn, ni ó rí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe àmì ibi, kò sì sí ohun tí ó gbé òṣùpá mì. Ayé ni ó bọ́ sáàárín òun àti oòrùn.

Lẹ́yìn èyí, òṣùpá bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ó sì ń pẹ́ kí ó tó yọ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 March, ìdajì rẹ̀ ni ó kù. Ní nǹkan bí aago kan òru ni ó yọ lọ́jọ́ náà, àwọn tí wọ́n jí jẹ sààrì sì rí i. Èyí tí ó mọ́lẹ̀ ní ìdajì ní 6 March yọ láti orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n èyí yọ láti inú omi, inú omi náà ni ó sì wọ̀ sí lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán. Ní ọdún 2024 àti 2025, òṣùpá rìn jìnnà sí àríwá àti sí gúúsù ju bí ó ti máa ń rìn lọ. Ní bí ọdún 18 àti oṣù díẹ̀ ni irú rẹ̀ máa ń padà wá.

Ó tún ń tín-ín-rín sí i ní àràárọ̀, títí ó fi tún bá oòrùn pàdé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 March, nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ọjọ́ Àìkú, 30 March, ni a ṣe Ìtúnu ní Nàìjíríà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọjọ́ 29 àti bíi wákàtí 10 ni òṣùpá yìí fi rìn. Òmíràn máa ń yá jù bẹ́ẹ̀, òmíràn sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín gbogbo wọn dọ́gba, oṣù kan jẹ́ ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44. Oṣù méjìlá bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 354, ó sì fi bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún kàlẹ́ńdà. Ìdí nìyí tí ààwẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 11 March ní ọdún 2024 fi bẹ̀rẹ̀ ní 1 March ní ọdún 2025.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń YÍ PADÀ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn kan tí ń kọ́ ọmọ, gbà pé òjìji ayé ni ó ń bo òṣùpá tí ó fi ń kéré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjìji ayé kì í kan òṣùpá àfi ní ọjọ́ bíi 14 March yẹn. Òṣùpá kò ní iná tirẹ̀. Oòrùn ni ó ń ràn sí i, ìdajì rẹ̀ sì ń mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó ṣe ń yí ayé po, apá tí ó mọ́lẹ̀ yẹn lè kọjú sí wa tán, ó lè yà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì lè kẹ̀yìn sí wa.

Tíṣà tí ó bá fẹ́ fi èyí han àwọn ọmọ kò nílò owó púpọ̀. Kí ó ti fèrèsé yàrá, kí ó tan àtùpà kan ṣoṣo, kí ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ọsàn kan. Àtùpà ni oòrùn, ọsàn ni òṣùpá, orí ọmọ náà ni ayé. Kí ọmọ náà na ọsàn síwájú, kí ó gbé e ga díẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, kí ó kọjú sí àtùpà. Ọsàn náà yóò dúdú lójú rẹ̀. Kí ó máa yí lọ sí apá òsì díẹ̀díẹ̀. Yóò rí i tí ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tí ó di ìdajì, tí ó sì kún nígbà tí ó bá kẹ̀yìn sí àtùpà. Bí ó bá rẹ ọwọ́ sílẹ̀ tí orí rẹ̀ ṣíji bo ọsàn, ó ti rí bí òjìji ayé ṣe ń bo òṣùpá nìyẹn. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí òṣùpá fi ń pẹ́ lójoojúmọ́? Ẹ fojú inú wo ìyá kan tí ó ń yí ọjà po, tí ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà kò dúró, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sí apá ibi tí ìyá rẹ̀ gbà. Nígbà tí ìyá yí ọjà po tán tí ó padà dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ ti sún síwájú, ìyá ní láti rìn díẹ̀ sí i kí ó tó bá a. Ayé ni ìyá, òṣùpá ni ọmọ. Ìrìn díẹ̀ tí ó kù yẹn ń gbà tó ìṣẹ́jú 50. Nítorí náà, òṣùpá tí ó yọ ní aago méje lónìí yóò yọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́la. Nígbà mìíràn ó lè dín díẹ̀, nígbà mìíràn ó lè lé díẹ̀.

BÍ ÒṢÙPÁ ṢE Ń FA OMI

Òṣùpá jìnnà sí wa tó kìlómítà 384,400, síbẹ̀ agbára rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń fa ayé sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Omi tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ó súnmọ́ ọn ni ó ń fà jù, èyí tí ó wà ní òdìkejì ayé ni ó ń fà kéré jù. Nítorí èyí, omi ń wú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ayé sì ń yí gba abẹ́ wọn kọjá. Ìdí nìyí tí omi fi ń kún lẹ́ẹ̀mejì tí ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Ìṣẹ́jú 50 yìí kan náà ni òṣùpá fi ń pẹ́.

Oòrùn náà ń fa omi, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ kò tó ti òṣùpá. Nígbà tí oṣù bá jẹ́ tuntun àti nígbà tí òṣùpá bá kún, oòrùn àti òṣùpá wà lórí ìlà kan, wọ́n sì ń fa omi pọ̀. Omi yóò ga ju bí ó ti máa ń ga lọ, bí ó bá sì fà, yóò fà ju bí ó ti máa ń fà lọ. Nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ ìdajì, ọ̀tọ̀ ni ibi tí oòrùn ń fà sí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí òṣùpá ń fà sí, omi a sì wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn oṣù tuntun tàbí òṣùpá kíkún kí omi tó ga jù lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé òkun Èkó kì í ga púpọ̀. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí omi fà tán títí ó fi kún tán, kò ju bíi mítà kan lọ, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 3. Àwọn ibòmíràn wà láyé tí ó ju ìlọ́po mẹ́wàá èyí lọ. Ṣùgbọ́n etí òkun wa tẹ́jú. Omi tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré lè rìn jìnnà sórí iyanrìn, kí ó dé ibi tí ẹ tẹ́ ẹní sí, tí ìgbì á sì tún gba orí rẹ̀ wá.

Ìṣirò kan rèé fún ẹni tí ń tajà ní etí òkun. Bí ẹ bá rí i pé omi kún tán ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lónìí, lọ́la yóò kún ní nǹkan bí aago márùn-ún kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, yóò súnmọ́ aago mẹ́wàá alẹ́. Lẹ́yìn bí ọjọ́ 15, kíkún rẹ̀ yóò tún ti bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́rin. Etíkun kọ̀ọ̀kan ní aago tirẹ̀, àwọn apẹja ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn kí wọn, kí ó sì bi wọ́n pé, "Baba, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí òṣùpá bá kún, aago mélòó ni omi ń kún níhìn-ín?" Ẹni tí ó bá gbọ́ ìdáhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan lè fi òṣùpá ṣírò èyí tí ó kù fúnra rẹ̀.

ỌJỌ́ ỌDÚN ÀTI OMI ÒKUN

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Oṣù tuntun ni a fi ń ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀. Nítorí náà, lọ́dọọdún, láìyẹ̀, àkókò tí omi ga ni Ìtúnu máa ń bọ́ sí. Ọjọ́ kìíní ọdún àti ọjọ́ kejì rẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ ọkọ̀ lọ sí etí òkun, jẹ́ ara àwọn ọjọ́ tí omi le jù nínú oṣù. Iléyá yàtọ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù ni ó máa ń jẹ́, òṣùpá ti kọjá ìdajì, kò sì tíì kún, omi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ni.

Ọdún Àjíǹde náà, òṣùpá ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tí ó bá tẹ̀ lé òṣùpá kíkún àkọ́kọ́ láti 21 March lọ ni. Nítorí náà, ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì sí òṣùpá kíkún, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2022, òṣùpá kún ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta 16 April, Àjíǹde jẹ́ 17 April. Ọjọ́ Ajé tí àwọn ènìyàn lọ ṣeré ní etí òkun bọ́ sí àárín ìgbà tí omi ga. Ní ọdún 2025, òṣùpá kún ní 13 April, ọjọ́ Àìkú sì ni ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, ni Àjíǹde bá sún sí 20 April. Òṣùpá ti di ìdajì nígbà náà, omi sì ti rọlẹ̀. Ọdún kan náà ni lórúkọ, ṣùgbọ́n òkun kò rí bákan náà.

Kérésìmesì kò bá òṣùpá ṣe pọ̀, nítorí náà ẹ ní láti wo ojú ọ̀run lọ́dọọdún. Ní ọdún 2023, òru tí ó tẹ̀ lé 26 December ni òṣùpá kún.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ Ń LỌ SÍ ETÍ ÒKUN

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mọ ọjọ́ orí òṣùpá. Èyí tí ẹ bá rí ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, tí kò tíì kún, ń dàgbà ni. Èyí tí ẹ bá rí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí kò kún mọ́, ń dínkù ni. Bí ó bá kún, tàbí bí kò bá sí lójú ọ̀run rárá, ẹ mú ìṣọ́ra ní ìlọ́po méjì láti ọjọ́ náà títí di bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wá ìlà tí pàǹtírí, koríko àti ìkarahun tò sí lórí iyanrìn. Ibẹ̀ ni omi dé kẹ́yìn. Ẹ má tẹ́ ọjà, ẹ má tẹ́ ẹní, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sùn nísàlẹ̀ ìlà náà. Bí òṣùpá bá ń lọ sí kíkún, ẹ lọ sókè jù ú lọ, nítorí pé omi ọ̀la yóò ga ju ti àná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àìsùn àdúrà ní etí òkun, mo bẹ̀ yín, ẹ yan ẹnì kan tí kò ní dijú, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa ṣọ́ omi lọ. Òṣùpá àrànmọ́jú máa ń fi ọkàn ènìyàn balẹ̀, nítorí pé gbogbo nǹkan hàn kedere. Ṣùgbọ́n òṣùpá tí ń fún wa ní ìmọ́lẹ̀ náà ni ó ń fa omi bọ̀.

Ìdajì òṣùpá kò sọ òkun di adágún. Ìgbì àti omi tí ń fà padà sínú òkun wà lójoojúmọ́, wọ́n sì ń gbé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá. Bí omi bá ń fà yín lọ, ẹ má bá a jìjàkadì láti padà tààrà. Ẹ fi ara lé omi, kí ẹ wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òkun, títí ẹ ó fi bọ́ nínú ibi tí ó ti ń fà, kí ẹ tó kọrí sí ilẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré bọ́ sínú omi láìmọ̀ ọ́n wẹ̀. Kí ó ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu sí ẹni tí omi ń gbé lọ, kí ó sì kígbe pe àwọn apẹja.

Ẹ̀yin tíṣà, kí ẹ tó mú ọjọ́ tí ẹ ó kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ wo òkun, ẹ mú ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá jẹ́ ìdajì. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀ kan.

A kò lè ní kí òkun má kún, a kò sì lè ní kí òṣùpá dúró. Ṣùgbọ́n wọn kì í yẹ àdéhùn. Ní alẹ́ òní, bí kùrukùru kò bá bo ojú ọ̀run, ẹ pe àwọn ọmọ yín jáde sí ìta, kí ẹ jọ wo òṣùpá, kí ẹ sì fi àmì sára kàlẹ́ńdà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ ó mọ ohun tí oṣù jẹ́, yàtọ̀ sí owó rẹ̀ tí à ń gbà.